Kí Ló Ń Pa Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́ Lójú Ọ̀nà?

Ẹni tó bá ti gbé PlayStation 2 láti Maiduguri lọ sí Ìbàdàn rí, ó ṣeé ṣe kó mọ ìṣòro yìí. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó gbé e wọ mọ́tò. Kò já bọ́ lójú ọ̀nà, omi kò kán sí i, ara rẹ̀ kò fi ibì kankan sán. Wọ́n délé, wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, iná rẹ̀ tàn, wọ́n ń gbọ́ bí àwo ṣe ń yí nínú rẹ̀, síbẹ̀ géèmù kò jáde. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i láàárín gáréèjì tó ti gbéra àti gáréèjì tó sọ̀ sí?

Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ dá ìbéèrè yìí lóhùn, nítorí pé wọn kò ṣe irú ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ́. Oṣù Kẹta ọdún 2000 ni Sony gbé PlayStation 2 jáde ní Japan. Nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 2013 fi máa parí, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, lẹ́yìn tí wọ́n ti tà ju mílíọ̀nù 150 lọ káàkiri ayé. Mega Drive ti Sega dàgbà jù ú lọ, ọdún 1988 ló dé. PlayStation àkọ́kọ́ dé ní 1994, Nintendo 64 ní 1996. Bí ẹ̀yà ara ọ̀kan nínú wọn bá kú lónìí, inú òkú ẹ̀rọ mìíràn ni ẹńjìníà sábà máa ń ti yọ òmíràn. Ẹni tó fi ẹ̀rọ yìí gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé, tó ti wá di bàbá ọmọ, tó sì fẹ́ fi han ọmọ tirẹ̀, kò yẹ kó pàdánù rẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀.

Ọ̀nà náà sì jìn. Láti Maiduguri sí Damaturu nìkan, bíi kìlómítà 130 ni. Potiskum ṣì wà níwájú, Bauchi wà, Jos wà, kí mọ́tò tó kọrí sí Lọ́kọ́ja àti ilẹ̀ Yorùbá. Tí a bá kà á dé Èkó, ó ju kìlómítà 1,400 lọ. Ohun tí ẹ̀rọ máa bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀nà tó kún fún kòtò wà, ooru wà, eruku ọyẹ́ wà, iná tó ń kó jọ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà, ìrì sì wà ní ìparí ìrìn àjò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí òun ṣe ń ṣọṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó kú, ohun méjì péré ni ẹ ó bá nídìí ọ̀rọ̀: yálà nǹkan tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ ti rìn, tàbí nǹkan tó yẹ kó wà lóde ti wọlé.

Lẹ́ńsì

Ẹ jẹ́ ká ṣí PlayStation 2 wò. Lábẹ́ ibi tí àwo máa ń jókòó sí, ẹ ó rí ohun róbótó kan tó ń dán, tí kò tó èékánná ọmọdé. Òun ni lẹ́ńsì. Ike ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, kì í ṣe gíláàsì. Tí ẹ bá fi ẹnu òwú tó mọ́ kàn án pẹ́pẹ́, yóò mì, bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Ó so mọ́ nǹkan. Okùn irin mélòó kan, tó tín-ín-rín débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, ló gbé e dúró nínú afẹ́fẹ́. Wáyà bàbà tó kéré wé mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òòfà sì wà ní tòsí. Bí iná bá gba inú wáyà náà kọjá, òòfà á fà á tàbí kó tì í, lẹ́ńsì á sì gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ló dé tí kò fi lè dúró sójú kan? Kò sí àwo tó tẹ́jú tán pátápátá. Bó ṣe ń yí, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, ojú ìlà tí lẹ́ńsì ń kà sì kéré gan-an. Bí a bá tẹ́ ẹyọ irun orí kan sórí àwo CD, yóò bo bí ogójì ìlà mọ́lẹ̀; lórí DVD, yóò bò ju ọgọ́rin lọ. Lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ máa bá àwo jó, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń rán jáde má baà ṣìnà kúrò lórí ìlà kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ti wọlé nìyí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà nínú iná, iná inú wáyà ló ń darí lẹ́ńsì. Nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú iná, kò sí ohun tó dì í mú mọ́ ju àwọn okùn irin tín-ín-rín yẹn lọ. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí, lẹ́ńsì máa mì sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà kò ní ṣe é ní nǹkan, nítorí ó fúyẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé yóò rìn. Ewu gidi ni kí nǹkan mìíràn kọlù ú níbi tó ti ń mì.

Nǹkan mìíràn náà, àwo ni. Nínú PlayStation 2, òòfà kékeré kan ló máa ń tẹ àwo mọ́ orí ohun tó ń yí i. Agbára òòfà náà tó nígbà tí ẹ̀rọ bá jókòó sórí tábìlì, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò tó jìn, àwo lè yọ. Tó bá ti yọ, yóò máa fi ara gbo páákó tó ń gbé e wọnú ẹ̀rọ títí dé ibi tí à ń lọ, lẹ́ńsì sì wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Lẹ́ńsì tí nǹkan ti họ lójú kò lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan mọ́. Nítorí náà, ẹ yọ àwo kúrò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde nílé, kí ẹ sì ti páákó rẹ̀ padà dáadáa. Bí ẹni tó ń ka orí yìí bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù, kó má gbàgbé èyí.

Ibi tí àwo fúnra rẹ̀ ti lè bàjẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ rò. Àwọn géèmù PlayStation 2 tí abẹ́ wọn jẹ́ búlúù, CD ni wọ́n. Àwọn tí abẹ́ wọn funfun bíi fàdákà, DVD ni. Nínú CD, ibi tí wọ́n kọ géèmù sí wà lókè, lábẹ́ àwòrán tí wọ́n tẹ̀ síwájú gan-an, kìkì ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ ló sì bò ó. Tí ẹ bá fi ojú àwòrán lélẹ̀ nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí abẹ́ họ, ibi tó rọrùn láti bàjẹ́ jù lẹ fi lélẹ̀ yẹn. Ti DVD wà láàárín ike méjì, ó sàn díẹ̀. Kí àwo kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò tirẹ̀.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ oníkáséètì, irú Mega Drive àti Nintendo 64, rọ́wọ́ mú jù wá lọ, nítorí kò sí ohunkóhun tó ń rìn nínú káséètì. Gerald Lawson, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣáájú àwọn tó ṣe Channel F ti ilé iṣẹ́ Fairchild, tó jáde ní 1976, ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè yọ káséètì géèmù kan kúrò nínú rẹ̀ kó fi òmíràn sí i. Ó dùn mọ́ mi láti kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó fi irú káséètì bẹ́ẹ̀ ṣeré kò gbọ́ ọ rí. Kí ẹ ṣáà má fi káséètì sẹ́nu ẹ̀rọ rìnrìn àjò. Bí nǹkan bá tẹ orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi ṣẹ́ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ìyẹn sì ṣòroó tún ṣe.

Bí ẹyin ṣe ń dé òkè Ọya

Ẹyin máa ń ti ilẹ̀ Yorùbá gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń dé láìfọ́. Kì í ṣe pé dírẹ́bà ń rọra wakọ̀. Kiréètì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ méjì sì ni. Ó di ẹyin kọ̀ọ̀kan mú nínú ihò tirẹ̀ kí ó má baà kọlu ìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nítorí pé pépà ni, ó ń rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fò, kí ẹyin má baà dúró lójijì. Ohun méjì yìí náà ni ẹ̀rọ géèmù ń fẹ́, ẹ̀kejì ni àwọn ènìyàn kò sì lóye tó.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ tó já bọ́ láti ìwọ̀n mítà kan, ní nǹkan bí ìbàdí ènìyàn, ti kó eré jọ kó tó kanlẹ̀. Eré yẹn gbọ́dọ̀ tán. Ìbéèrè ibẹ̀ ni bí àyè tí yóò ti tán ṣe gùn tó. Bó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì ló bọ́ sí, tí gbogbo eré náà tán láàárín mìlímítà kan, agbára tó máa kọlu ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ yóò tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ìwúwo wọn. Kapásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, tí kò ju gíráàmù mẹ́wàá lọ yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kílò mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fóòmù ló bọ́ sí, tí fóòmù náà sì rì wọlé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kó tó dúró, ìlọ́po ogún péré ni. Ẹ̀rọ kan náà ni, ibi kan náà ló ti já, àyè tó fi dúró nìkan ló yàtọ̀.

Ìdí nìyẹn tí fóòmù tó rọ̀ jù fi burú bíi èyí tó le jù. Èyí tó le jù kò ní rì wọlé. Èyí tó rọ̀ jù á ti tẹ̀ tán kó tó gba gbogbo eré, ẹ̀rọ á sì gba inú rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe àga onítìmùtìmù, wọ́n máa ń ní àjẹkù fóòmù nílẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé e lórí: PlayStation 2 ńlá ti àkọ́kọ́ ju kílò méjì lọ. Bí fóòmù bá rì díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, tí ó sì ṣì ní àyè púpọ̀ láti rì sí i, ó dára. Kí ó yí ẹ̀rọ ká lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹ bá ti àpótí náà pa tán, ẹ mì ín: bí ohunkóhun bá dún, iṣẹ́ kò tíì parí. Páàdì àti ádápítọ̀ kò gbọdọ̀ wà láìdè nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, nítorí pé ohun líle ni wọ́n, ara ẹ̀rọ ni wọ́n á sì máa gbá láti Maiduguri títí dé Ìbàdàn.

Gbígbọ̀n jìgìjìgì yàtọ̀ sí jíjábọ́. Ohun gbogbo tó dúró lórí páńẹ́lì inú ẹ̀rọ, lẹ́ẹ̀dì ló so ó mọ́ ibẹ̀. Àwọn tó ga, tí orí wọn sì wúwo, irú kapásítọ̀ ńlá àti tiransifọ́mà inú pawa (apá tó ń gba iná wọlé), máa ń mì lórí ẹsẹ̀ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n ìmì tó bá a lára mu jù. Bí ọ̀nà gbágungbàgun bá mì wọ́n ní ìwọ̀n yẹn gan-an, ìmì kékeré á máa kún ara wọn títí yóò fi di ńlá. Ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ wáyà síwá sẹ́yìn léraléra, ẹ ó rí i pé ó máa já níbi kan náà, bí kò tilẹ̀ sí ìgbà kan tí ẹ fi agbára ńlá ṣe é. Àárẹ̀ irin ni mo ń pè é. Lẹ́ẹ̀dì tó ti lo ogún ọdún, tí gbígbóná àti títutù ti fà tó sì ti sún kì, àárẹ̀ ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú kò lè rí bí ó ṣe máa ń là. Ẹ̀rọ á kàn máa tan, á máa kú, láìnídìí.

Fóòmù ń dín èyí náà kù, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ gbé àpótí sí nínú mọ́tò ṣe pàtàkì. Gbogbo ẹni tó ti jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń fò jù, nítorí pé ó ti kọjá táyà ẹ̀yìn. Àárín, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, ló rọ̀ jù. Ibi tó dára jù lọ ni orí itan yín, nítorí pé ara ènìyàn ń gba ìmì náà kó tó dé orí ẹrù. Tí ẹ bá ní láti fi sí búùtù, ẹ sọ fún àwọn tó ń kó ẹrù pé kí wọ́n má gbé àpò ìrẹsì lé e, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi ti búùtù náà.

Ooru àti wáyà páàdì

Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ooru Maiduguri máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú mọ́tò tí wọ́n tì pa sínú oòrùn máa ń gbóná ju ìta lọ ní ìwọ̀n ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú gíláàsì wọlé, àga ń fà á mu, ó ń sọ ọ́ di ooru, afẹ́fẹ́ tó gbóná náà kò sì rí ọ̀nà jáde. Ìwọ̀n 60 kò tó láti yọ́ ike ara ẹ̀rọ, nítorí pé irú ike bẹ́ẹ̀ kì í rọ̀ títí yóò fi sún mọ́ 100. Kí ló wá ń bàjẹ́?

Ẹ mú páàdì kan tí wọ́n ti wé wáyà rẹ̀ mọ́ ọn lára, tí wọ́n sì fi pamọ́ sínú àpótí gbígbóná fún ìgbà pípẹ́. Ẹ tú wáyà náà. Ẹ ó rí ojú wáyà lára páàdì: ilà tó jinlẹ̀ díẹ̀, tó ń dán, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó dà bíi pé iná ló jó o, ṣùgbọ́n iná kọ́. Ike tí wọ́n fi bo wáyà, PVC, ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi tí púlọ́ńbà ń lò, líle sì ni bó ṣe wà. Kó tó lè ká bí okùn, wọ́n ní láti po epo kan mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká pe epo náà ní ìmúrọ̀. Ìmúrọ̀ kò so mọ́ ike títí láé. Bí ọdún ṣe ń lọ, ó ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, bí wáyà bá sì fara ti ike mìíràn, ó ń wọ inú ike yẹn lọ, ó ń sọ ọ́ di rírọ̀. Ooru ń mú kó yára. Wáyà tó ti pàdánù ìmúrọ̀ rẹ̀ náà á le, á sì máa sán.

Oògùn rẹ̀ kò gbówó lórí: ẹ má ṣe wé wáyà mọ́ páàdì. Ẹ rọra ká a róbótó, ẹ fi sínú àpò aṣọ òwú tirẹ̀, ẹ má sì ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ níbi tó ti wọ páàdì, nítorí ibẹ̀ ni okùn bàbà inú rẹ̀ ti máa ń já. Ẹ má fi ẹ̀rọ sórí ọkọ̀ nínú báàgì dúdú. Bí ọkọ̀ bá dúró fún ìrun tàbí oúnjẹ, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibòòji.

Eruku adágún tó ti gbẹ

Ẹni tó bá gbé Maiduguri lásìkò ọyẹ́ mọ eruku tó máa ń bo ojú sánmà, tó ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa. Apá ńlá nínú rẹ̀ ń ti Bodélé wá, àfonífojì kan ní orílẹ̀-èdè Chad, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí eruku ti ń tú jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan láyé àtijọ́, èyí tí Adágún Chad òní jẹ́ ìyókù rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú omi kú sílẹ̀ níbẹ̀, karawun wọn sì kù. Ohun tí karawun yẹn jẹ́ kan náà ni pẹ̀lú ohun tí a fi ń ṣe gíláàsì.

Ẹ rántí pé ike ni lẹ́ńsì. Bí eruku yìí bá bà lé e, tí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún, karawun ni ẹ ń fi gbo ó. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé e, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹnu tó ń ta itọ́, bí kò ṣe ohun fífẹ́ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ kámẹ́rà ń lò. Irin tí lẹ́ńsì ń rìn lé, wọ́n fi gírísì sí i; eruku á lẹ̀ mọ́ gírísì náà, á sì máa jẹ eyín ike tó ń tì í. Nítorí náà ni mo fi gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ wé ẹ̀rọ sínú aṣọ òwú, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu, kí fóòmù tó wá yí i ká.

Kí ló dé tí aṣọ òwú fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rá? Nítorí iná ìfarakínra. Bí ohun méjì bá fara gbo ara wọn, ọ̀kan máa ń já díẹ̀ gbà nínú wóóro iná tó wà lára ìkejì. Ní Èkó, níbi tí omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ohun gbogbo máa ń mú iná náà sá lọ. Lásìkò ọyẹ́ ní Maiduguri, kò sí omi náà, iná á sì máa kó jọ. Ẹni tó rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ lè kó tó fóltì 35,000 sára. Níbi tí omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bíi 1,500 ni. Kì í pa ènìyàn, nítorí pé iná náà kéré lápapọ̀, a kì í sì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára bí kò bá tó bíi 3,000. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun inú páńẹ́lì lè kú ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Èyí túmọ̀ sí pé ènìyàn lè pa ẹ̀rọ láìmọ̀ pé òun fi ọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀rá tó ń fara gbo ike láti Maiduguri títí dé Jos ń kó iná yìí jọ. Òwú kì í kó o tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu káséètì tàbí ihò mẹ́mórì káàdì, ẹ fọwọ́ kan irin ńlá kan tó fara kan ilẹ̀.

Lójú àyẹ̀wò

Lójú ọ̀nà Borno, sójà àti ọlọ́pàá máa ń dá ọkọ̀ dúró láti yẹ ẹrù wò, ìkọlù àwọn agbésùnmọ̀mí tí Maiduguri ti là kọjá láti ọdún 2009 ló sì mú kó rí bẹ́ẹ̀. Àpótí dúdú tí wáyà yọ lára rẹ̀, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé yípo yípo, yóò da ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà láàmú, ó sì yẹ kó dà á láàmú. Ẹ di ẹrù yín kó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wáyà àti páàdì wà nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó bi yín, kí ẹ sì fúnra yín ṣí i nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣí i, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé e.

Ti ọkọ̀ òfurufú rọrùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù ní pápákọ̀ kì í pa ohun tó wà lórí mẹ́mórì káàdì tàbí káséètì, ìtànṣán rẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ. Bátìrì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. PSP, ẹ̀rọ géèmù tí a ń gbé lọ́wọ́, àti irú rẹ̀ ń lo bátìrì lithium, òfin ọkọ̀ òfurufú sì ni pé bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ, títí kan pawa báǹkì, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ èrò, kì í ṣe nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Bó bá gbiná lọ́wọ́ yín, wọ́n á rí i, wọ́n á sì pa á. Nínú ìhò ẹrù, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ fi téèpù bo ẹnu irin rẹ̀. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má gbé e rìnrìn àjò rárá.

Ìrìn àjò mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í múra sílẹ̀ fún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo apá ńlá ní Maiduguri. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá jáde pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ wọn bà. Ẹ̀mí ló ṣáájú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó padà wá bá ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé omi nìkan kì í sábà pa á. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú omi ni iná ń gbà kọjá síbi tí kò yẹ, iná yẹn ló sì ń jẹ irin páńẹ́lì. Bí iná kò bá sí, ìjẹrà náà máa ń rọra lọ. Ẹ má kì í bọ iná láti dán an wò. Yàtọ̀ sí apá pawa, tí ẹńjìníà nìkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nítorí iná tó lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀, wọ́n lè fi omi mímọ́ ṣan páńẹ́lì, kí wọ́n fi spírítì lé omi náà, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ.

Nígbà tí ẹ bá dé

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Maiduguri máa ń tutù gan-an. Ẹ̀rọ tó tutù, tó sì wá dé inú afẹ́fẹ́ olómi Èkó, ìrì yóò sẹ̀ sára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, títí dé orí lẹ́ńsì àti inú pawa tí ojú kò dé. Ohun kan náà ni fún ẹ̀rọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí éà kọndíṣọ́ná rẹ̀ ti ń fẹ́ láti àárọ̀. Bí ẹ bá ṣí ọ̀rá náà lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ olómi á wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ tí a dì lẹ́nu, kó máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá yàrá dọ́gba. Bó bá sun ibẹ̀ mọ́jú, ó dára jù.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Iná Nàìjíríà jẹ́ bíi fóltì 230 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan 100. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 120 nìkan sí lára gbọ́dọ̀ gba inú tiransifọ́mà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa jó kí ẹ tó yọ ọwọ́ kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ tan án láìfi àwo sí i, kí ẹ tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi CD alábẹ́ búlúù sí i, ẹ wò ó bóyá yóò kà á, kí ẹ tó fi DVD sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí PlayStation 2 fi ń ka CD yàtọ̀ sí èyí tó fi ń ka DVD. Bó bá ka ọ̀kan tí kò ka ìkejì, àárẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni ẹńjìníà máa kọ́kọ́ wò. Bí kò bá ka èyíkéyìí, tí ẹ sì ń gbọ́ kẹ-kẹ-kẹ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀: ó ṣeé ṣe kí pèpéle lẹ́ńsì ti kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, bí ẹ bá sì ń tan án léraléra, eyín ike ibẹ̀ ló máa parun, ìyẹn ni kò sì rọrùn láti rí rà.